Omi Adágún Tí A Ń Bù Mu: Ọ̀rọ̀ Lórí Eré Ìfẹ́ Àwọn Ará Táílándì

Àwọn tí wọ́n bímọ láàrin wa láti ìgbà tí a ti rí ara wa kẹ́yìn nínú ìwé yìí, Ọlọ́run yóò wo ọmọ, yóò wo ìyá rẹ̀. Àwọn tí wọ́n sìnkú àgbà, ẹ̀yìn òkú á dára. Àwọn tí wọ́n lọ sílé tí wọn kò tíì dé, ẹ bá wa kí ilé, ẹ má sì gbàgbé èlùbọ́ tí ẹ ṣèlérí.

Mo ti sọ ní oṣù tó kọjá pé ọ̀rọ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa ni n ó kọ lé lórí lónìí. Ẹ forí jì mí. Ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi tí kò jẹ́ kí ọwọ́ mi lè kọ nǹkan mìíràn. Mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn kí n tó gbé e síta, mo sì ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyàwó mi pẹ̀lú, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn án ju bí mo ti rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tí ó dùn bẹ̀rẹ̀. Ó tó oṣù mẹ́rin báyìí tí ọmọ ọmọ mi obìnrin ti so fóònù rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n inú pálọ̀ wa, tí ó ń fi eré ìfẹ́ àwọn ará Táílándì hàn wá. Ìyàwó mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, nítorí náà ọmọ náà ni ó ń ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán, tí ó sì ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún ìyá ìyá rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin ojúlé kejì fi ń gbé àpótí ìjókòó wọn wá. Orúkọ àwọn ará ibẹ̀ kò ṣeé pè fún wọn, ni wọ́n bá sọ wọ́n lórúkọ tiwọn. Ọ̀kan ń jẹ́ Ìyálé Ẹlẹ́nu-ṣóńṣó, ọ̀kan ń jẹ́ Ọmọ Olówó Onínúfùfù, ọ̀kan ń jẹ́ Arẹwà Má-rówó. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìrẹsì jóná mọ́ ìkòkò ní ilé ìdáná. Gbogbo wa gbọ́ òórùn rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó dìde. Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí pàápàá, mo fi ìwé ìròyìn bo ojú bí ẹni pé mo ń kàwé, ṣùgbọ́n mo ń yọjú wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ibi tí ó korò nìyí. Ọmọ àbúrò ìyàwó mi kan ń gbé lọ́dọ̀ wa, ó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Ọmọ ọdún 19 ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń fẹ́ ẹ, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tí ó níṣẹ́ lọ́wọ́, tí àwọn ẹbí rẹ̀ sì ti ń wọlé wá kí wa. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ náà wọlé, ó fi ìborùn bo ẹ̀gbẹ́ ojú kan. Ìyàwó mi ṣí ìborùn náà. Ipa ìka mẹ́rin ni ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni ó gbá a létí níwájú ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé ó bá oníbàárà kan rẹ́rìn-ín. Mo fò dìde, mo ní kí wọ́n lọ pè é wá fún mi. Ni ọmọ náà bá kúnlẹ̀, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú. Ìfẹ́ ni ó mú un ṣe é. Bí kò bá fẹ́ràn mi, ṣé yóò jowú ni? Ẹ̀yin náà ṣáà rí i nínú eré àná.”

Ẹ̀yin ará, mo padà jókòó. Òótọ́ ni, mo rí i. Ọkùnrin inú eré àná gbá ọmọbìnrin náà létí, ó sì fi ẹnu kò ó lẹ́nu kí omijé rẹ̀ tó gbẹ. Gbogbo pálọ̀ wa pariwo ayọ̀, ohùn mi sì wà nínú ariwo náà. Nítorí náà, kí n tó lè bá ọmọ náà wí, mo ní láti mọ ohun tí mo ti ń wò láti oṣù mẹ́rin. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé, mo sì ń bi ọmọ ọmọ mi léèrè. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ.

Ní èdè Táílándì, lakhon ni wọ́n ń pe irú eré yìí. Ní 1955 ni tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Bangkok, olú-ìlú wọn, ọdún mẹ́rin ṣáájú ti wa ní Ìbàdàn. Ìkànnì 7 bẹ̀rẹ̀ ní 1967, Ìkànnì 3 bẹ̀rẹ̀ ní 1970, àwọn méjèèjì yìí ni ó sì ti ń du àwọn òǹwòran mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Lẹ́yìn ìròyìn alẹ́ ni eré máa ń bẹ̀rẹ̀. Eré kan a máa gba alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, kò sì sábà ju bí oṣù mẹ́ta lọ kí ó tó parí, kí òmíràn gba ipò rẹ̀. Eléyìí dára. Ẹ̀yin náà mọ irú eré ilẹ̀ mìíràn tí ó ń lọ títí tí ọmọ inú oyún fi ń gbéyàwó, tí ẹni tí a sin ní ọdún tó kọjá a sì tún jí dìde. Ti àwọn ará Táílándì a máa parí, olúkúlùkù a sì gba ohun tí ó tọ́ sí i.

Inú ìwé ìtàn ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, obìnrin ni ó sì kọ èyí tí ó lókìkí jù nínú àwọn ìwé náà. Bí ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá kọjá, wọn a tún ìtàn kan náà ṣe pẹ̀lú òṣèré tuntun. Nítorí náà, ìyá àti ọmọ lè jókòó ti ara wọn kí wọ́n máa jiyàn pé ọkùnrin ti ayé tèmi ni ó dáa jù ti ayé tìrẹ. Síbẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ti fún eré yìí ní orúkọ ẹ̀gàn. Wọ́n ń pè é ní nam nao, èyí ni omi adágún tí kò ṣàn, tí ó ti ń rùn. Wọ́n ní nǹkan kan náà ni wọ́n ń rò pọ̀ lójoojúmọ́: ilé olówó, ogún, orogún, ìbejì tí wọ́n yà nípa, ọmọ tí wọ́n pààrọ̀ ní ìkókó, ìyá ọkọ tí kò fẹ́ ìyàwó. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ tán, wọ́n sì jókòó ní alẹ́, wọ́n ń bu omi náà mu.

Kí ni ó wà nínú omi náà tí ó fi dùn? Ẹ jẹ́ kí n mú mẹ́ta nínú àwọn eré náà wá.

Èkíní ni Ban Sai Thong, láti inú ìwé K. Surangkhanang, tí wọ́n ti fi ṣe eré lọ́pọ̀ ìgbà. Ọmọbìnrin kan, Photchaman, gbé àpótí aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó di irun rẹ̀ sí ọ̀nà méjì, ó sì wá sí ẹnu ọ̀nà ilé ńlá àwọn ìbátan rẹ̀ ní Bangkok. Wọ́n gbà á sílé, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ojú ọmọ ọ̀dọ̀ wò ó. Ìyá ilé ń bú u, ọmọ ilé ń yọ ṣùtì sí i. Kò gbé orí rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Nígbẹ̀yìn, ó hàn pé òun gan-an ni ó ni ilé náà. Ẹ̀yin ará, ta ni nínú wa tí ìtàn yìí kò kàn? Àwọn bàbá wa gbé àpótí wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀ffà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Jos, wọ́n sì gbé inú ilé ìbátan kí wọ́n tó ní ti ara wọn. Ẹni tí ó bá ti jẹ oúnjẹ nínú ilé tí kì í ṣe tirẹ̀ rí, tí ó ti gbọ́ kí wọ́n máa ka iye ẹran tí ó mú, òun ni ó mọ ìdí tí àwọn obìnrin fi ń sunkún tí Photchaman bá dúró sí ẹnu ọ̀nà.

Èkejì ni Khu Kam, láti inú ìwé Thommayanti. Nígbà ogun àgbáyé kejì ni, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Jàpáánì wọ Táílándì ní oṣù December 1941. Ọ̀gágun ojú omi ará Jàpáánì kan, Kobori, fẹ́ràn ọmọbìnrin Táílándì kan, Angsumalin. Ọmọbìnrin náà ti ṣèlérí fún ẹlòmíràn tí ó wà ní òkè òkun, ó sì kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti fẹ́ràn ẹni tí ó wá jẹ gàba lórí ilẹ̀ baba òun. Ọ̀ràn ìṣèlú ni ó mú kí wọ́n so wọ́n pọ̀. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ́, àfi ìgbà tí àdó olóró jábọ́, tí Kobori ń kú lọ ní apá rẹ̀. Wọ́n ṣe eré yìí ní 1970, ní 1978, ní 1990, ní 2004 àti ní 2013. Ti 1990, tí akọrin tí wọ́n ń pè ní Thongchai McIntyre ti ṣe Kobori, ni ọ̀pọ̀ àgbà ibẹ̀ kò tíì gbàgbé. Àwa tí àwọn ọmọ wa ti ń fẹ́ ọmọ ẹ̀yà mìíràn ní ilẹ̀ yìí, tí a sì ti jókòó ní ìpàdé ẹbí lórí rẹ̀, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré.

Ẹ̀kẹta ni Buppesanniwas, tí Ìkànnì 3 gbé jáde ní 2018. Ọmọbìnrin ayé òde òní kan tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun àtijọ́ kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀, ẹ̀mí rẹ̀ sì wọ inú ara ọmọbìnrin ọlọ́lá oníwà burúkú kan ní Ayutthaya, ní ayé Ọba Narai tí ó jọba láti 1656 sí 1688. Ẹ̀rín ni ó kún inú rẹ̀, nítorí pé ó ń bá àwọn ará ayé àtijọ́ sọ ọ̀rọ̀ ayé òde òní. Ṣùgbọ́n ìtàn gidi wà nínú rẹ̀: àwọn ikọ̀ tí Táílándì rán lọ sọ́dọ̀ ọba Faransé ní 1686, àti ìlú Ayutthaya bí ó ti rí kí àwọn ará Burma tó fọ́ ọ ní 1767. Nígbà tí eré náà gbòde, tọmọdé tàgbà wọ aṣọ ìbílẹ̀, wọ́n ń ya lọ sí àwókù tẹ́ńpìlì Ayutthaya láti ya fọ́tò. Bí eré ìfẹ́ bá lè mú kí ọmọ ogún ọdún béèrè orúkọ ọba tí ó jẹ kí a tó bí baba ńlá rẹ̀, èmi kò ní bú u.

Ẹ wá rí i pé adùn náà kì í ṣe ti ojú lásán. Òótọ́ ni pé àwọn òṣèré náà rẹwà, aṣọ wọn sì dára. Ṣùgbọ́n ohun tí ó so obìnrin mọ́ ìjókòó ni pé ẹnì kan ń jẹ ìyà tí òun náà ti jẹ rí, àti pé ó dá a lójú pé ẹ̀san yóò ké. Ọ̀pọ̀ ará Táílándì ni ó ń ṣe ẹ̀sìn Buddha, tí ó ń kọ́ wọn pé ohun tí ènìyàn bá gbìn ni yóò ká. Nínú eré wọn, kò sí òṣìkà tí ó lọ láìjìyà. Yóò ya wèrè, tàbí kí ojú rẹ̀ bàjẹ́, tàbí kí ó kú. Ẹni tí ó ti ta tòmátì láti òwúrọ̀, tí olówó orí ọjà ti rẹ́ jẹ, tí ó délé tí iná kò sí, bí iná bá wá dé ní agogo mẹ́jọ, jẹ́ kí ó rí ibì kan nínú ayé tí ẹ̀san ti ń ké kí ó tó sùn.

Mo ti yin ohun tí ó yẹ kí n yìn. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí omi náà ti ń rùn.

Àwọn àbùkù kéékèèké kò tó nǹkan. Kò sí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ gan-an nínú eré náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn ni ó ní ilé-iṣẹ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa tẹ́tí lẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ. Èyí tí ó tóbi díẹ̀ ni ti àwọ̀ ara: arẹwà gbọ́dọ̀ pupa, ẹni tí ó dúdú ni yóò ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí apanilẹ́rìn-ín. Ìpolówó ọṣẹ àti ìpara tí ń bó ara a sì máa tẹ̀lé e láàrin eré. Àwa tí àwọn ọmọbìnrin wa ti ń fi ìpara bó ẹsẹ̀ àti oríkèé ọwọ́, ó yẹ kí a dá àrùn náà mọ̀ níbikíbi tí a bá ti rí i.

Àbùkù tí ó tẹ̀lé e ni bí wọ́n ti ń fi obìnrin ja obìnrin. Nínú Raeng Ngao ti 2012, ọ̀gá kan tí ó ní ìyàwó tan ọmọbìnrin kan tí ń bẹ lábẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ kọjú ìjà sí ọmọbìnrin náà, ọmọbìnrin náà pa ara rẹ̀, ìbejì rẹ̀ sì dé láti gbẹ̀san. Àwọn obìnrin ń ya ara wọn láṣọ, wọ́n ń gbá ara wọn létí, ọkùnrin tí ó dá ọ̀ràn sílẹ̀ sì dúró sí àárín wọn, ó ń fọwọ́ nu òógùn. Ní oṣù January 2008, eré kan jáde, Songkhram Nang Fah, nípa àwọn òṣìṣẹ́bìnrin inú ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n ń bá ara wọn jà nítorí awakọ̀ òfuurufú kan. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an ní Táílándì binú, wọ́n fi ẹjọ́ sun ìjọba. Wọ́n ní àwọn kì í fi aṣọ iṣẹ́ ja ìjà ọkùnrin, àti pé èrò ọkọ̀ yóò máa fi ojú àbùkù wo àwọn. Mo rò pé wọ́n jàre.

Ṣùgbọ́n àbùkù tí ó mú mi gbé kálámù ni èyí tí wọ́n ń pè ní tob joob. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni “gbá létí, fi ẹnu kò lẹ́nu.” Ẹ̀yà eré kan ni, ó ní orúkọ tirẹ̀ bí a ti ń pe oríṣi ọbẹ̀. Ní 2008, wọ́n gbé Chamloei Rak jáde, ìyẹn Òǹdè Ìfẹ́. Ọkùnrin kan gbọ́ pé obìnrin kan ni ó fa ikú àbúrò òun. Ó lọ jí obìnrin náà gbé láti fi ìyà jẹ ẹ́, ẹni ẹlẹ́ni ni ó sì jí gbé. Ìyà náà di ìfẹ́. Ní ọdún kan náà, wọ́n gbé Sawan Biang jáde. Ọmọ olówó kan kórìíra obìnrin tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́. Àbúrò obìnrin náà kò ṣẹ̀ ẹ́ ní nǹkankan, lára rẹ̀ ni ó sì ti gbẹ̀san: ó fi agbára bá a lò pọ̀. Lẹ́yìn náà ó ronú, ó sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, eré náà sì parí sí ìrẹ́pọ̀ àwọn méjèèjì. Òṣèré tí ó rẹwà jù ní ilẹ̀ náà ni wọ́n fi ṣe ọkùnrin náà, orin adùn sì ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí náà: ní 2007, ọdún kan péré ṣáájú àwọn eré méjèèjì yìí, ni òfin Táílándì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ọkọ fi agbára mú ìyàwó ara rẹ̀. Òfin ń sọ tirẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀, eré ń sọ tirẹ̀ ní pálọ̀. Ní 2014, ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ fi ọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dẹ́kun fífi ìfipábánilòpọ̀ ṣe adùn nínú eré. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á, nítorí ó hàn pé kì í ṣe àwa àjèjì nìkan ni òórùn náà kàn ní imú.

Mo mọ ohun tí ẹnì kan yóò sọ. Yóò ní, “Bàbá, eré lásán ni, ta ni kò mọ̀ pé eré ni?” Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún un. Kàmbódíà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Táílándì, eré Táílándì sì gbajúmọ̀ níbẹ̀ gan-an. Òṣèrébìnrin kan wà, Suvanant Kongying, ẹni tí eré Dao Phra Suk ti 1994 sọ di olókìkí. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ní Kàmbódíà bí ọmọ bíbí inú wọn. Ní oṣù January 2003, ìwé ìròyìn kan gbé àhesọ jáde pé ó ní ti Táílándì ni Angkor Wat, tẹ́ńpìlì àtijọ́ tí àwòrán rẹ̀ wà lára àsíá Kàmbódíà. Obìnrin náà ní òun kò sọ ọ́, kò sì sí ẹni tí ó fi ẹ̀rí hàn pé ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní January 29, àwọn èrò ya bo ilé-iṣẹ́ aṣojú Táílándì ní Phnom Penh, wọ́n sun ún níná, wọ́n sì kó ẹrù ilé ìtajà àwọn ará Táílándì. Ọkọ̀ òfuurufú ológun ni ó wá kó àwọn àlejò náà padà sílé.

Ẹ̀yin ará Jos, n kò ní láti ṣàlàyé ìtàn yìí fún yín. Ẹni tí ó bá wà ní ìlú yìí ní September 2001 mọ ohun tí àhesọ ń ṣe, ó sì mọ ohun tí ojú àlejò ń rí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú rẹ̀ ni èyí: bí ẹni tí a kò rí rí, tí a kàn ń wò nínú àpótí, bá lè wọ inú ọkàn ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè sun ilé nítorí ọ̀rọ̀ tí kò sọ, kí ni a ó wá sọ nípa ohun tí ó ń ṣe níṣojú ọmọ wa ní alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀? Eré kì í ṣe lásán. Ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ti di ará ilé.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ilé mi. A pe ìpàdé ẹbí méjèèjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ní iṣẹ́ èṣù ni. Àgbà kan láti ìhà tirẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ìgbátí kan ṣoṣo ni. Ta ni nínú àwa bàbá tí a jókòó síbí tí kò gbá ìyàwó rẹ̀ létí rí?” Gbogbo ilé dákẹ́. Èmi náà dákẹ́. Ìyàwó mi jókòó ní ọ̀kánkán mi, kò gbé ojú sókè, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo rántí alẹ́ kan nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wa, tí owó ọjà sọnù. Mo ti rò pé ó ti gbàgbé. Bí ó ti ń ṣa ẹ̀wà náà ni mo fi mọ̀ pé kò gbàgbé.

Mo sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn. Mo ní èmi gbá ìyàwó mi létí lẹ́ẹ̀kan. Mo ní kì í ṣe ìfẹ́ ni ó mú mi ṣe é, ìbínú ni, nítorí pé mo mọ̀ pé kò lè gbá mi padà. Mo ní n kò tọrọ àforíjì rí, mo sì tọrọ rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin ará, orin kankan kò dún. Ìyàwó mi kàn ní kí n jókòó, kí oúnjẹ àlejò má baà tutù. Ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀wà sílẹ̀, ó sì wo ojú mi.

Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn ará Táílándì. Omi adágún wà ní ẹ̀yìnkùlé tiwa náà kí tiwọn tó ṣàn dé. Ohun tí eré wọn ṣe ni pé ó da lọ́fíńdà sí i.

Lẹ́yìn ìpàdé náà, ọmọbìnrin náà kò sọ nǹkankan fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó gbé fóònù àti aṣọ méjì tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà rà fún un wá bá ìyàwó mi, ó ní: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a padà fún wọn.” Ó sunkún ní ọjọ́ náà, ó tún sunkún ní ọjọ́ kejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣì ń rán àwọn ènìyàn wá bẹ̀bẹ̀. A ti sọ fún ọmọ náà pé ohun tí ó bá fẹ́ ni a ó fẹ́, àti pé kò sí owó tí a gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí a ó torí rẹ̀ tì í jáde nílé.

A kò pa tẹlifíṣọ̀n. Bí mo bá ní kí wọ́n pa á, ilé onílé ni wọn yóò ti lọ máa wò ó, èmi náà yóò sì wá máa wá ọ̀nà tí n ó fi mọ bí ó ti parí. Ohun tí a ṣe ni pé a kò jẹ́ kí eré náà máa sọ̀rọ̀ lóun nìkan mọ́. Bí ọkùnrin bá gbé ọwọ́ sókè, ọmọ ọmọ mi á dá a dúró, ìyá ìyá rẹ̀ á sì bi gbogbo wa pé: “Bí ọmọ yín bá ni èyí, kí ni ẹ ó ṣe?” Ariwo tí ó ń tẹ̀lé e pọ̀ ju ti eré lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ojúlé kejì dákẹ́ títí, ó sì sọ ohun kan tí ó ti wà nínú rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá. N kò ní kọ ọ́ síbí. Ṣùgbọ́n mo bẹ ẹ̀yin ìyálé ilé àti ẹ̀yin bàbá, ẹ bá àwọn ọmọ yín jókòó wò ó, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ nìkan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́mọkùnrin wa, ẹ rántí pé nínú eré, ẹni tí ó kọ ìwé ni ó pàṣẹ pé kí ọmọbìnrin náà dárí jì. Níhìn-ín, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ bí ìtàn yóò ti parí.

Ní oṣù tí ń bọ̀, bí ẹ̀mí bá wà, ọ̀rọ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́ ni. Ẹ kí ara ilé fún mi. Ó dìgbà kan ná.